Ohùn Tó Ń Wọ Fóònù Ìyá Angela

Nígbà yẹn, Alhaji Sùlè, bàbá Mariyah, ṣì wà láyé ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Ìyá Angela, ọmọ Ìjọ Àgùdà tí ilé ẹ̀ fara kan tiwọn, náà ṣì wà. Angela fúnra ẹ̀ ló ti kú, ìyá ẹ̀ ò sì tíì gbà.

Ọ̀sán gangan ni Ignatius, àbúrò Angela, kọ́kọ́ rí Mariyah lókè pẹtẹ́ẹ̀sì ilé wọn, láti fèrèsé yàrá ìyá ẹ̀. Ìborùn pupa wà lórí ẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù ilé tí kò ní wáyà. Ẹ̀rín yẹn náà ló ń jáde nínú fóònù tó wà lọ́wọ́ ìyá Ignatius. Orí ọmọkùnrin náà wú.

Ó ti pẹ́ tí ìyá ti ń gbé fóònù náà sétí láì fọhùn. Ó ní ohùn Angela ni, pé ó ti di àkúdàáyà, ó ń gbé ìlú mìíràn, òun ò sì gbọdọ̀ dá a lóhùn kó má baà sá lọ.

Ignatius lọ kan ilẹ̀kùn ilé Mariyah. Ó ní ọ̀rọ̀ wọn ń wọ fóònù ilé òun.

"Ẹ ti gbọ́ gbogbo àṣírí mi nìyẹn," ni Mariyah wí. "Ẹ ò lè fẹ́ ẹlòmíràn mọ́."

Ojú ọ̀nà kan náà nínú afẹ́fẹ́ ni fóònù méjèèjì ń gbà. Wọ́n bá pín ọ̀nà: tibí gba kan, tọ̀hún gba òmíràn, kálukú sì fa ẹ̀ríàlì ẹ̀ wálẹ̀ kó má baà dé ilé aládùúgbò. Bó bá tún dàrú, wọn á pera wọn láti òkè pẹtẹ́ẹ̀sì, wọn á tún un pín. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé. Alhaji ní òun ò kọ̀, bí ìyá ọkọ bá lè gba ọmọ Mùsùlùmí mọ́ra.

Ṣùgbọ́n fóònù ti dákẹ́ lọ́wọ́ ìyá. Kò jẹun mọ́. Ó ń béèrè ẹni tó lé ọmọ òun lọ. Ignatius fẹ́ yí fóònù padà sí ọ̀nà ti tẹ́lẹ̀, kó má sọ òótọ́ fún ìyá. Mariyah kọ̀.

"Bí mo bá wá wọlé bí ìyàwó ńkọ́? Ohùn mi yìí náà ni wọ́n máa gbọ́."

Ó lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá, ó kí i. Ìyá dijú pa. Ó na ọwọ́, ó ń fi ìka wá ojú ọmọ náà kiri, imú, àgbọ̀n, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú òkùnkùn. Ìgbà tó lajú, ó wò ó títí.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni, mà. Èmi ni látọjọ́ yìí."

"Mi ò dá ẹ lóhùn rí. Ẹ̀rù ń bà mí kó o má lọ."

"Mi ò lọ síbì kankan, mà."

Ìyá ní kí Ignatius bu oúnjẹ wá, tẹni méjì.

Wọ́n ṣègbéyàwó. Pálọ̀ Àgùdà ni Mariyah ti ń kírun, ìyá ló ń bá a tẹ́ ẹní ẹ̀.

Ọjọ́ tí Ìyá Angela kú, ojú ẹ̀ là sílẹ̀. Àwọn ẹbí ní ọmọbìnrin ló ń pa ojú ìyá dé nílé àwọn. Wọ́n ń wo ara wọn. Mariyah dìde láàárín wọn, ó sì pa á dé.