Àwòrán Tó Fẹsẹ̀ Rìn

Ẹ́ńjìnnì mìíràn tún ti lọ. Àmúdà, tó ń ṣọ́ ilé ẹrù Alhájì Àrówólò ní Abossey Okai, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Accra, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún olè. Ojú ẹni tó wá gbé e bá àwòrán agbẹ́rù tó wà nínú kọ̀ǹpútà mu rẹ́gí, ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà dé fúnra rẹ̀ láti Kumasi, ó ní òun kò mọ ẹni náà rí. Àwòrán ẹlòmíràn lòun fi ránṣẹ́ pé kó wá gbé e.

"Èkejì nìyí," ni Alhájì wí. "Bí Jímọ̀ bá fi kọjá tí mi ò rí ẹrù mi, iwájú ọlọ́pàá lo ti máa rojọ́."

Lubabah, ọmọ Àmúdà, tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà náà, kò lè gbójú sókè. Nígbà tí Alhájì jáde, ó rọra bi bàbá rẹ̀:

"Bàbá, ṣé ẹ pe oníbàárà lórí fóònù kí ẹ tó gbé ẹrù sílẹ̀?"

"Mi ò pè é. Ọmọkùnrin yẹn dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, 'Àkànó, ẹ kú iṣẹ́.' Orí mi wú, mo gbàgbé."

Lubabah rò ó wò. Alata, bí ará Ghana ṣe ń pe Yorùbá, ni gbogbo ọjà ń pe bàbá rẹ̀. Ta ló mọ oríkì rẹ̀ ní Accra yìí, yàtọ̀ sí ìyá òun àti Sultan? Sultan ló kọ ètò kọ̀ǹpútà náà fún Alhájì. Àìmọye ìgbà ló sì ti jẹ wáákyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà, nílé wọn.

Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Bí agbo ilé ni àwọn fódà inú rẹ̀ rí, yàrá nínú yàrá. Àwòrán ọjà tí àwọn ará ìta bá fi ránṣẹ́ kò gbọdọ̀ kọjá yàrá àlejò. Yàrá òkè ni àwòrán àwọn agbẹ́rù wà. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí Sultan fi kọ ètò náà ní àléébù: ibi tí orúkọ fáìlì bá ní kó gbé òun lọ ló ń gbé e lọ, kò bi í léèrè. Lubabah sì rí orúkọ àwòrán kan tó ń pàṣẹ pé: jáde lẹ́ẹ̀mejì, wọ yàrá àwọn agbẹ́rù, rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀.

Ó lè dí ihò náà lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí a tì kì í mú olè. Ó gbé yàrá àlejò wọnú yàrá mìíràn, kí ẹni tó bá jáde lẹ́ẹ̀mejì má lè dé òkè mọ́. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gúnlẹ̀ sí, ó kọ́ yàrá òfìfo kan síbẹ̀ tó jọ ti àwọn agbẹ́rù.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwòrán kan já sínú yàrá òfìfo náà. Lubabah pe Alhájì lójú ẹsẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kó tó di ọ̀sán, ọlọ́pàá ti lúgọ sẹ́yìn òkìtì táyà.

Ọmọkùnrin inú àwòrán náà, tí Àmúdà kò rí rí, wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. "Àkànó, ẹ kú iṣẹ́."

Ọlọ́pàá kan yọ, ó tẹ ejìká rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ ní orúkọ yẹn?"

Ojú rẹ̀ sá lọ sí takisí kan tó dúró lódìkejì títì. Sultan ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kí awakọ̀ wa ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ akẹ́rù ti dí ọ̀nà. Ló bá ṣí ilẹ̀kùn, ó sá gba àárín àwọn fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe.

"Olè nìyẹn, ẹ mú un." Lubabah, tí ọjà kò gbóhùn rẹ̀ rí, ló ké bẹ́ẹ̀. Fítà kan ti jáàkì sí i lẹ́sẹ̀, Sultan sì lulẹ̀ sínú epo dúdú.

"Àwọn ẹ́ńjìnnì dà?" ni Alhájì bi Sultan.

"Wọ́n wà ní Ashaiman, méjèèjì. Mi ò tíì tà wọ́n."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀ pé ihò wà níbẹ̀?" Lubabah bi í.

"Láti ọjọ́ tí mo ti kọ ọ́. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa wò ó."

Alhájì ṣí fìlà. "Àmúdà, mo ṣẹ̀ ọ́."

Sultan na ọwọ́ láti ilẹ̀. "Àkànó, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Àwọn tó ń jẹun nílé mi ló ń pè mí bẹ́ẹ̀," ni Àmúdà wí. "Ìwọ, máa pè mí ní Alata."

Ó yíjú kúrò lára rẹ̀, ó mú fóònù, ó pe ará Kumasi pé àwọn ti rí ẹrù rẹ̀.