Ojú Tó Hù Lára Ewé Kókò

Ẹni tó bá fẹ́ pè é nírọ́, kó pè é bẹ́ẹ̀. Kókò náà ṣì wà lẹ́yìnkùlé, bẹ́ńṣì ṣì wà níwájú rẹ̀.

Ayàwòrán kan ti ya ìyàwó gbogbo ayé tán, kò ráyè ya tirẹ̀. Bó bá ti ní kó jókòó báyìí, oníbàárà á kanlẹ̀kùn. Nígbà tí obìnrin náà kú, fíìmù fọ́tò kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ló bá nílé. Ilé wá dá páropáro. Láti ẹ̀yìnkùlé ló ti ń gbọ́ ìró aago pálọ̀.

Kò fẹ́ tẹ ojú yẹn sórí bébà, torí bébà kì í mí. Ó tẹ́ fíìmù náà lé ewé kókò kan láìjá a, ó fi gíláàsì há a mọ́ ọn, ó fi oòrùn ṣe ìyókù. Ibi tí oòrùn bá mú, á ṣá. Ibi tí fíìmù bá bò, á dúdú minimini. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìyàwó rẹ̀ ń wò ó láti ara ewé. Ọkùnrin náà sunkún. Ó gbé bẹ́ńṣì síbẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń jẹun àárọ̀.

Ewé náà rọ. Òmíràn là. Ojú obìnrin náà ti wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tẹ́ fíìmù lé e.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin wá kí i.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ó mà jọ wọ́n o!”

“Èmi kọ́ ni mo ṣe èyí.”

“Ta ló wá ṣe é?”

“Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, ṣebí ó ń di ọṣẹ ni.”

Àbúrò rẹ́rìn-ín. Ó tún ewé náà wò, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Kí ló dé tí wọ́n ń wo ilẹ̀kùn?”

Lóòótọ́ ni. Nínú fíìmù, iwájú ló kọjú sí.

Lára ewé kẹta, ẹ̀yìn rẹ̀ ló hàn. Ó ti rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ kúnlẹ̀ síwájú ewé náà.

“Jọ̀ọ́,” ó ní, “má tún fi mí sílẹ̀.”

Ewé kẹrin ṣì ká. Ọjọ́ méjì ni kò kúrò nídìí rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó là díẹ̀díẹ̀. Afẹ́fẹ́ ò fẹ́, ẹyẹ ò ké. Ó wá obìnrin náà títí, kò rí i. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú kókò, ó kẹ̀yìn sí ẹni tó ń wò ó. Ẹ̀wù rẹ̀ ya léjìká.

Ayàwòrán fọwọ́ kan èjìká ara rẹ̀, ìka rẹ̀ bọ́ sójú yíya. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, ó mọ ibi téèyàn gbọ́dọ̀ dúró sí kó tó lè ya irú àwòrán yẹn. Ẹnu ilẹ̀kùn ni, lẹ́yìn òun gan-an.

Aago pálọ̀ ti dákẹ́.

Kò bojú wẹ̀yìn. Bó bá wò tí kò bá ẹnikẹ́ni ńkọ́? Ó rọra sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí bẹ́ńṣì, ó fi àyè ẹnìkan sílẹ̀.