Búlọ́ọ̀kù Tí Tìjání Fọ́

"Ẹ sún sẹ́yìn o, kí àfọ́kù má bà yín lójú," ni Tìjání wí. Ó ti fi sítáàṣì sí aṣọ kàrátè rẹ̀ títí ó fi ń dún bíi páànù.

Pápá ilé ìwé kan ní Àrándùn ni. Oṣù tó kọjá ni Bàbá Ràímì, ọ̀gá rẹ̀, fún un ní bẹ́líìtì dúdú, tó ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ. Ó kọ́ wọn bí a ṣe ń dúró àti bí a ṣe ń mí, ó wá sú wọn, wọ́n sá lọ síbi bọ́ọ̀lù. Ló bá tọ Gbóyèga, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, lọ.

"Mọ ọ̀kan fún mi. Kí sìmẹ́ǹtì inú ẹ̀ má tó èyí tí eèrà lè gbé."

Gbóyèga rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n kúkú fi gààrí pò ó fún ọ?"

Báyìí, lójú gbogbo wọn ní pápá, Tìjání pariwo kan, ewúrẹ́ tí wọ́n so ní Òmù-Àrán já okùn. Ó gbé ọwọ́ sọ̀kalẹ̀, búlọ́ọ̀kù rún wómúwómú bíi bísíkíìtì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọmọ Àrándùn, títí kan àwọn tí wọn ò tíì bí, ti forúkọ sílẹ̀.

Ọmọ kan tó ń jẹ́ Success kò sí lára àwọn tó sá tẹ́lẹ̀. Ohun tí Tìjání bá ṣáà ti sọ, abẹ gé e ni lójú ọmọ náà. Ìdánwò àṣejáde rẹ̀ nílé ìwé ku ọ̀sẹ̀ kan nígbà tó rí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́yìn ilé wọn. Ó mí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún lù ú. Sìmẹ́ǹtì ti búlọ́ọ̀kù yẹn pé.

Nígbà tí Tìjání dé ọsibítù, wọ́n ti di P.O.P. mọ́ ọwọ́ náà dé ìgbúnwọ́. Ìyá Success kò ṣépè.

"Tìjání alágbára," ó wí, "bá mi gbé ìrora yẹn kúrò lára ọmọ mi."

Tìjání kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ ara rẹ̀ sí.

"Búrọ̀dá, ẹ má bínú," ni Success wí. "Ṣé mi ò mí dáadáa ni?"

Bí Tìjání bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ parí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ yàtọ̀ sí Gbóyèga.

"O mí dáadáa. Iyanrìn lásán ni búlọ́ọ̀kù tèmi. Mo tàn yín ni."

Success wò ó títí, ó sì kọjú sí ògiri. "Ẹ máa lọ sílé, Búrọ̀dá."

Tìjání lọ jẹ́wọ́ fún Bàbá Ràímì. Bàbá kò lù ú, kò sì bú u. "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a," ó wí. "Tìrẹ ò tilẹ̀ rìn jìnnà." Ó gba bẹ́líìtì náà padà.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Tìjání dúró lẹ́yìn fèrèsé gbọ̀ngàn. Àwọn ẹgbẹ́ Success ń kọ̀wé. Àga tirẹ̀ ṣófo. Gbogbo ẹ̀ṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n jà kò lè bá a kọ lẹ́tà kan.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣọ́ra fún ògo tí a fi ẹ̀tàn kọ́. Ẹni tó gbà wá gbọ́ jù ló máa ń fara gbá a.