Ẹ̀wù Búlúù tí Télọ̀ Rán fún Ìyá Rẹ̀

"Ẹ gbé apá yín sókè, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n wò ó lábẹ́ abíyá."

Màmá gbé apá méjèèjì sókè láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Abẹ́rẹ́-Wúrà, fi téèpù yí i láyà ká, ó fa síìpù sókè, ó sì sún sẹ́yìn láti wo iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ̀wù búlúù ni, ó ní kọ́là, ó ní àpò méjì. Fóòmù tó nípọn, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìjókòó àga, ló tò sí inú rẹ̀.

"Ṣé ti inú ọkọ̀ nìyí?"

"Òun ni, Màmá. Ẹ̀wù ìléfòó. Bí èèyàn bá já sómi, òun ló ń gbé e dúró. Èyí tí wọ́n ń tà níta rí bí àpò sìmẹ́ǹtì. Ṣé èmi tí mò ń rán kóòtù fún àwọn ọkọ ìyàwó ni màá jẹ́ kí ìyá mi wọ irú ìyẹn?"

Ìyàwó rẹ̀ tó ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kò gbójú sókè. "Ta ló ti wọ irú ẹ̀ sómi rí?"

"Èmi ni mo rán an," ni Abẹ́rẹ́-Wúrà fèsì, bí ẹni pé ìyẹn ti parí ọ̀rọ̀.

Ó mọ iṣẹ́, a ò lè fi ìyẹn dù ú. Àmọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ tirẹ̀ jù ló máa ń gbàgbé pé iṣẹ́ ẹlòmíràn wà láyé.

Láti fèrèsé yàrá Màmá ni èèyàn ti ń rí adágún odò. Bàbá, ọkọ Màmá, ti ṣèlérí fún un nígbà ayé rẹ̀ pé òun yóò fi ọkọ̀ gbé e lọ sí òdìkejì, kó lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tó wà níbẹ̀. Ikú ò jẹ́ kó mú ìlérí náà ṣẹ. Nígbà tí Abẹ́rẹ́-Wúrà àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹkáníìkì ra ọkọ̀ ìgbafẹ́ àlòkù kan, tí wọ́n sì tún un kùn, Màmá ni wọ́n sọ pé yóò kọ́kọ́ gùn ún. Àwọn méjèèjì ò lọ kọ́ nǹkan kan nípa wíwa ọkọ̀ omi. Mẹkáníìkì mọ ẹ́ńjìnnì, ó ní ìyẹn náà ti tó.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, gbogbo wọn dé etí omi. Obìnrin kan dúró lábẹ́ àgọ́ níbẹ̀, fèrè rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, ẹ̀wù ìléfòó aláwọ̀ ọsàn sì wà ní òkìtì lẹ́yìn rẹ̀. Àǹtí Fèrè ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè é.

"Ó parí," ni Mẹkáníìkì sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Àwọn tó ń gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ ti dé."

Àmọ́ Màmá ni Àǹtí Fèrè kọ́kọ́ kí. "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ẹ̀wù yín mà dára o!"

"Ọmọ mi ló rán an!"

Àǹtí Fèrè fọwọ́ tẹ ẹ̀wù náà láyà. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀gá, kí lẹ tì sí inú ẹ̀?"

"Fóòmù. Ojúlówó."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jù ú sómi ná."

Inú bí Abẹ́rẹ́-Wúrà. "Màdáàmù, ṣé ẹ mọ iye oorun tí mo fi du ara mi nítorí aṣọ yìí?"

Màmá ti bọ́ ọ. "Jẹ́ kó jù ú. Aṣọ omi tó bá ń bẹ̀rù omi, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n jù ú sómi. Ó léfòó, ó tẹ́ rẹrẹ. Abẹ́rẹ́-Wúrà gbé àyà sókè. "Ẹ rí i?"

"Mo rí i, sà. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀."

Mẹkáníìkì ò lè mú un mọ́ra. "Ṣé ìjọba ló rán yín ni?"

"Rárá o. Àjọ Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ ni wá. Gbogbo ẹni tó ń fi ọkọ̀ najú lórí omi jákèjádò orílẹ̀-èdè, àwa là ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn. À ń kọ́ wọn ní wíwa ọkọ̀, à ń kọ́ àwọn olùkọ́ pàápàá. Bí ìjọba bá fẹ́ ṣòfin lórí omi, àwa là ń jókòó tì wọ́n, tí à ń sọ pé, 'Èyí á dáàbò bo àwọn èèyàn wa, èyí á kàn ni wọ́n lára lásán ni.' A sì ń wá sí etí omi báyìí, ká bá èèyàn yẹ ohun èlò rẹ̀ wò."

"Ẹ ò wá gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ wa?"

"Kí la fẹ́ fi ṣe? Ọ̀dà ẹ̀ ò tíì gbẹ."

Mẹkáníìkì bú sẹ́rìn-ín láìfẹ́. Abẹ́rẹ́-Wúrà kò rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ṣàkíyèsí nǹkan kan: ní gbogbo ìgbà tí obìnrin náà ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lórí omi, bí ojú òun náà kì í kúrò lẹ́nu abẹ́rẹ́. Ó yẹ́ ẹ sí nínú ara rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó báyìí."

Kọ́là ti rì. Àpò kan tẹ̀ lé e, èkejì náà sì lọ. Ẹ̀wù búlúù náà rọra ń lọ sílẹ̀ títí okùn fi le gan-an.

Abẹ́rẹ́-Wúrà fà á jáde. Ó wúwo bíi kúbùsù tó rẹ sómi, gbogbo ojú abẹ́rẹ́ tó fi ń yangàn sì ń da omi. Ó wo ẹ̀wù náà, ó wo ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù bà á.

"Ìyá mi ni mo fẹ́ wọ eléyìí fún."

"Ẹ ò mọ̀ ni, sà," ni Àǹtí Fèrè wí jẹ́jẹ́. "Fóòmù àga ń mu omi. Ti ẹ̀wù ìléfòó, omi kì í ráyè wọ inú ẹ̀. Ìfẹ́ lẹ fi rán an, gbogbo wa rí i, àmọ́ omi ò mọ ìyẹn."

Ó yá wọn ní aláwọ̀ ọsàn fún ọjọ́ náà. Màmá wo tirẹ̀ tìyanu-tìyanu. "Ó mà jọ àpò sìmẹ́ǹtì lóòótọ́."

"Ẹ bá mi dè é, ọ̀gá," ni Àǹtí Fèrè sọ fún Abẹ́rẹ́-Wúrà. "Iṣẹ́ yín rèé. Ẹ gbé e ní èjìká. Bó bá gòkè dé etí Màmá, kò bá a mu nìyẹn."

Ó dè é, ó gbé e ní èjìká wò, ó tún un dè. Kò tíì wọn aṣọ fún ẹnikẹ́ni tọkàntọkàn bẹ́ẹ̀ rí. Àǹtí Fèrè wo ojú ọ̀run bóyá ìjì ń bọ̀. Ó ní kí ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ wọn wa ọkọ̀ náà, kí àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì máa wò kí wọ́n máa kọ́ ọ. Ó bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó Abẹ́rẹ́-Wúrà, tó fẹ́ dúró lórí ilẹ̀, bóyá ó mọ ibi tí wọ́n ń lọ àti ìgbà tí wọ́n máa dé. Mẹkáníìkì náà rọra yọ ìgò ọtí lábẹ́ ìjókòó, ó gbé e fún ìyàwó náà pé kó bá òun tọ́jú ẹ̀.

Wọ́n kọjá láyọ̀. Nígbà tí wọ́n dé òdìkejì, ara Màmá ti yá jù, kò dúró kí wọ́n di òun lọ́wọ́ mú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì já sómi, gbìì!

Abẹ́rẹ́-Wúrà kígbe. Kó tó pa ẹnu dé, aláwọ̀ ọsàn ti yọ sókè, orí Màmá wà láàárín rẹ̀, ó ń tu omi lẹ́nu. Olùkọ́ na ọwọ́, ó dì í mú.

"Àpò sìmẹ́ǹtì yìí mà gbé mi o!" ni Màmá kígbe.

Abẹ́rẹ́-Wúrà jókòó sínú ọkọ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Kò tijú.

Lónìí, òun àti Mẹkáníìkì ti parí ẹ̀kọ́ Àjọ. Ẹ̀wù búlúù náà ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ti gbẹ, ó ti sún kì. Bí oníbàárà kan bá ní kó rán irú ẹ̀ fún òun, á ní, "Jókòó, kí n sọ ìtàn kan fún ọ."

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ ìgbafẹ́ sórí omi, ẹ wá àjọ tó ń bójú tó o ní orílẹ̀-èdè yín kàn. Ọ̀rẹ́ yín ni wọ́n. Ẹ kọ́ wíwa rẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó tó kójú òṣùwọ̀n, kí ẹ sì dè é dáadáa kí ọkọ̀ tó ṣí, nítorí kò sẹ́ni tó ń ráyè wọ̀ ọ́ nínú omi. Ẹ fi ọtí sílẹ̀ nílé. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan lórí ilẹ̀ mọ ibi tí ẹ lọ.

Màmá náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló rí ní òdìkejì adágún odò, á ní, "Fèrèsé yàrá mi ni mo rí, àti ọmọ mi tó ń gbé mi padà lọ sílé."