Èédú Lórí Àpáta

"Bàbá, mo ti rí i! Mo ti rí òpin eré náà!"

Jésùtófínmi fi kòkó tó ń tẹ́ sílẹ̀. Orí àpáta pẹrẹsẹ kan lẹ́yìn ìlú Aládé, ní Ìdànrè, ni òun àti bàbá rẹ̀ àgbà, Augustine, ti ń sá kòkó. Ó ti lé lóṣù kan tó ti ń kọ eré oníṣe fún ìdíje àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni kan ṣoṣo tó bá gbégbá orókè ni wọn yóò rán ní yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọn yóò gba ìwé, òpin eré nìkan ló sì kù. Ìyá rẹ̀ ti kú; kò sí ẹlòmíràn tí yóò rán an.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá náà sọ lẹ́nu ọ̀nà, lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ìwòsàn tí kò padà bọ̀, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí i lọ́kàn. Ó ti gbàgbé rẹ̀ láti ọdún méjì; òun gan-an ni ìyá inú eré náà yóò fi parí ọ̀rọ̀.

"Lọ mú ìwé wá," Bàbá wí.

"Ilé jìnnà, Bàbá." Ó ṣa èédú níbi tí wọ́n ti sun iṣu, ó kọ ìlà mẹ́rin sórí àpáta.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Michelle, yọ lọ́ọ̀ọ́kán. "Tófín! Òǹkọ̀wé àgbà! Ó yá, àwọn ẹgbẹ́ wa ń dúró dè wá lórí òkè. A fẹ́ ṣe fídíò."

Jésùtófínmi yọ fóònù láti ya fọ́tò ohun tó kọ. Bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Má fi bátìrì ṣòfò o!" Michelle wí. "Àbí àpáta Ìdànrè máa sá lọ ni?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ó ti fóònù bọ àpò.

"Òjò ń ṣú," Bàbá wí.

"Màá tètè dé, Bàbá."

Òjò ká wọn mọ́ orí òkè. Nígbà tó fi sáré dé, Bàbá ti kó kòkó sábẹ́ tapólì. Àpáta mọ́ roro.

"Bàbá, ẹ ò bá mi ka nǹkan tí mo kọ?"

"Mo dúró tì í. Mo ń wò ó bó ṣe ń ṣàn lọ. Ìgbà wo ni mo kàwé?"

Ó rántí ẹnu ọ̀nà. Ó rántí aṣọ tí ìyá rẹ̀ wọ̀. Kò rántí ọ̀rọ̀ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọ ọ́ pé ìyá inú eré náà bú sẹ́kún, ó sì lọ kó ìwé náà fún wọn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Olúwagbénga, pè é. "Ipò kejì lo wà. Wọ́n ní eré rẹ ló dára jù, títí dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. Wọ́n ní ta ló bá ọ parí ẹ̀?"

"Sà, mo ní òpin tó dára jù ú lọ."

"Ó dà?"

Ó jáde. Michelle ń dúró níta, ó na fóònù sí i. "Tófín, àwọn tó wo fídíò wa ti pé ẹgbẹ̀rún!"

Ọmọkùnrin kan láti ìlú Atosin ló wọ yunifásítì. Jésùtófínmi wà lóko. Nígbà mìíràn, bó bá ń fọ́ kòkó, á dáwọ́ dúró, á gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pè. Ọ̀rọ̀ náà kò padà wá, kò sì sí ẹni tó lè bi léèrè láyé.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, èrò kì í ṣe ẹran tí a so mọ́lẹ̀. Bó bá ti wọlé, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé lójú ẹsẹ̀, bí ọ̀nà ilé tilẹ̀ jìn.