Àwòrán Tó Ń Wọlé Láti Bọ́lọ́rundúró

Kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò lò láti ìgbà tí baálé ilé ti kú, kí ló ń jẹ tó fi ń yó? Ohun tó ń ya Wúrà lẹ́nu nìyẹn. Láàárọ̀ Sátidé ló jókòó tì í nílé wọn ní Ìsìkàn, l'Ákùúrẹ́, ó ní òun fẹ́ palẹ̀ pàǹtírí inú rẹ̀ mọ́ kí Moyinolúwa, ọmọ rẹ̀, lè rí nǹkan fi kàwé. Ó pa àwọn orin àtijọ́ rẹ́, ó pa fíìmù rẹ́. Àyè ṣí sílẹ̀ dáadáa. Ó lọ bu omi mu, kó tó padà dé, ó ti tún kún.

"Kí lèyí, Olúwa mi?"

Àwòrán ló ń wọlé. Rufus, ọkọ rẹ̀, ti so fóònù rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà náà nígbà ayé rẹ̀. Àwòrán tó bá yà, ibẹ̀ ló ń gbà wọlé fúnra rẹ̀. Lójú ọ̀nà Oǹdó ni mọ́tò ti pa á. Wọ́n gbé òkú wálé, wọn ò rí fóònù. Wúrà ní olè ló gbé e, ó sì ṣí àwòrán kan kó lè rí ojú olè.

Yéè! Rufus ni. Àpá ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ rèé, èjìká ọ̀tún tó máa ń rẹlẹ̀ rèé. Ó dúró nínú oko kòkó, ó gbé ọmọ ọwọ́ kan dání, obìnrin kan rọ̀ mọ́ ọn. Ojú Wúrà ṣáà ni wọ́n ṣe da yèèpẹ̀ lé pósí!

Ó ké sí Lawrence, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lẹ́yìnkùlé. Lawrence wò ó.

"Bọ́lọ́rundúró nibí yìí," ó rọra sọ. "Mo mọ abà yẹn. Ìyàwó wa, bùrọ̀dá ti di àkúdàáyà. Wọ́n ti lọ bẹ̀rẹ̀ ayé mìíràn."

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi lọ síbẹ̀."

"Ká má rí i! Bí ará ilé bá pe orúkọ àkúdàáyà, ó lọ pátápátá nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé ibẹ̀."

Ó jáde lọ wẹ ọwọ́. Owú ń jẹ Wúrà, àárò sì ń sọ ọ́. Kó ṣáà tún gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fídíò kan wọlé, ti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Rufus ń sá kòkó lórí ẹní, ó kẹ̀yìn sí fóònù.

Wúrà ò pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ rí. Ta ni yóò fẹ́ kí ìyá ọkọ sọ pé òun ò lẹ́kọ̀ọ́? Ó wá rò ó pé orúkọ ni Lawrence ní kí òun má pè, òun ò sì ní pe orúkọ. Ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó pè é bó ṣe ń pè é látọjọ́ ìkómọ:

"Bàbá Moyin."

Ọkùnrin inú fídíò gbé orí sókè.

"Hùn-ún?"

Ó yíjú padà, ó rí Wúrà, ẹ̀rù sì kún ojú rẹ̀. Igi tó fi ń ro kòkó bọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni mọ́. Ẹ̀wù rẹ̀ nìkan ló wó sórí ẹní.

"Bàbá Kíkẹ́! Bàbá Kíkẹ́ o!" Igbe obìnrin gba inú kọ̀ǹpútà. Fóònù ṣubú, wọ́n tún gbé e. Obìnrin inú àwòrán náà ni, ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀, ó sì ń wo Wúrà tààrà.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "kí ni mo ṣe yín tí ẹ fi pa ọkọ mi?"