Lẹ́tà Tó Ti Wales Tẹ̀lé Ṣàmsúdéènì Dé Peckham

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, ilé Ṣàmsúdéènì ní Peckham, ní London, ni Bàbá Hamid máa ń yà sí. Bàbá yìí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló gbà á sílé nígbà tó kọ́kọ́ dé London, inú yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n sì jọ ń sùn fún ọdún méjì. Láti ìgbà náà, ohun tí bàbá bá ti sọ, abẹ gé e.

Ní Jímọ̀ tí à ń wí yìí, Mìsítúrà, ìyàwó Ṣàmsúdéènì, ń gbé ìrẹsì kalẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ bọ́ sí lẹ́tà kan. Ó bi ọkọ rẹ̀ pé:

"Baba Yusrah, kí ni lẹ́tà ń ṣe lábẹ́ kẹ́tùlù?"

"Fi í síbẹ̀. Àwọn ará Wales ni. Wọ́n ní kámẹ́rà rí ọkọ̀ mi tó ń sáré lọ́jọ́ tí mo gbé àwọn èèyàn lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Cardiff. Mílì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ní wákàtí kan, níbi tí wọ́n ti ní ká rin ogún. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ ẹni tó wakọ̀ ránṣẹ́."

"Ẹ ò sì dá wọn lóhùn?"

"Kí ni mo fẹ́ dá lóhùn? Ìjọba tiwọn lọ́tọ̀, tiwa lọ́tọ̀."

Takisí ni Ṣàmsúdéènì ń wà. Póìntì mẹ́fà, àmì ìjìyà fún ẹ̀ṣẹ̀ ojú ọ̀nà, ti wà lórí láísẹ́ńsì rẹ̀. Bó bá di méjìlá láàárín ọdún mẹ́ta, kóòtù lè ní kó má wakọ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́, iṣẹ́ sì bọ́ nìyẹn. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n, kò sẹ́ni tó ń fẹnu kàn án.

Bàbá Hamid fa lẹ́tà náà yọ lábẹ́ kẹ́tùlù, ó gbé e jìnnà sójú.

"Ṣàmsú, o ò sọ fún mi? Kọ orúkọ mi sí i, jàre. Láísẹ́ńsì tèmi mọ́ tónítóní, ojú ò sì jẹ́ kí n wakọ̀ mọ́. Ta ni yóò ti bàbá ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin mọ́lé?"

Ṣàmsúdéènì dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣé, sà. Allah á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa." Ó ti mú bírò.

Rahmah, àbúrò Mìsítúrà, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Catford, ti ń jẹun tiẹ̀ bọ̀. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Uncle, ẹ dúró ná. Nígbà tẹ́ ẹ gba láísẹ́ńsì, ìlú wo lẹ fìwé ránṣẹ́ sí?"

"Swansea."

"Níbo ni Swansea wà?"

Ṣàmsúdéènì gbé bírò sílẹ̀. "Ní… Wales."

Mìsítúrà bú sẹ́rìn-ín. "Ìjọba tiwọn lọ́tọ̀, tiwa lọ́tọ̀!"

"Àkọsílẹ̀ kan náà ni, Uncle. Ẹ̀ báà sáré ní Peckham, ẹ̀ báà sáré ní Wales tàbí Scotland, ibì kan náà ni póìntì ń bọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá sì dákẹ́ kọjá ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, ẹ̀sùn mìíràn nìyẹn, póìntì mẹ́fà ló ń fà. Mẹ́fà lórí mẹ́fà ńkọ́?"

"Méjìlá," ni Ṣàmsúdéènì wí.

"Ìdí tó fi máa kọ orúkọ mi nìyẹn," ni Bàbá Hamid wí.

"Bàbá, ọjọ́ wo ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ọkọ̀ sáré?"

"Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá."

"Níbo lẹ wà lọ́jọ́ náà?"

"Mo wà níbi yìgì ọmọ Abdulqoyyum níbí. Èmi ni mo dúró fún ìyàwó."

"Fídíò yín wà lórí fóònù gbogbo Peckham, tẹ̀yin ti agbádá aláwọ̀ ewé yẹn! Tí wọ́n bá mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n lè rán ẹ̀yin àti Uncle lẹ́wọ̀n."

"Ẹ̀wọ̀n? Nítorí pé mo ran ọmọ mi lọ́wọ́?"

"Ọmọ kọ́ ni wọ́n béèrè, sà. Ẹni tó wakọ̀ ni."

Ṣàmsúdéènì wo bàbá. Láti ọdún méjìlélógún tí wọ́n ti mọra, kò tíì sọ fún un rí pé rárá.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n fúnra mi gbé tèyí."

Bàbá ti lẹ́tà náà síwájú Ṣàmsúdéènì. "Kọ ọ́ kó hàn ketekete."

Ọjọ́ kọkàndínlógún nìyẹn tí lẹ́tà ti dé. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ ránṣẹ́, póìntì mẹ́ta ni wọ́n sì fún un. Ó di mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́ takisí rẹ̀. Bó bá ti gbé Bàbá Hamid báyìí, ojú tí kò jẹ́ kó wakọ̀ mọ́ ti wá ń ka gbogbo pátákó ojú ọ̀nà: "Ogún, Ṣàmsú! Ogún ni wọ́n kọ síbẹ̀!"

Ẹ̀yin ará wa tó ń wakọ̀, kò sí ibi tí kámẹ́rà ti lè ká yín mọ́ nílẹ̀ yìí tí lẹ́tà rẹ̀ kò ní délé bá yín. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ nǹkan kan; ẹ dáhùn kí ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n tó pé. Bẹ́ ẹ bá kó kúrò nílé, ẹ yí àdírẹ́sì tó wà lórí ìwé ọkọ̀ yín padà, kí lẹ́tà má baà lọ sílé ẹlòmíràn. Bí ohun tí wọ́n kọ ò bá yé yín, ẹ wá ẹni tó mọ òfin kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i. Orúkọ ẹni tó wakọ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ kọ. Bí àgbà tó fẹ́ràn yín bá ní kẹ́ ẹ kọ tòun, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ tiyín.